Àpò Ata Tó Lọ sí Kánò

Kí àrá tó ń sán lókè yìí já lé mi lórí níbi tí mo jókòó sí, kó sọ mí di èédú, bí mo bá fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

"Bánjọ, tètè sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀," Ọ̀gá Ọláìyá ní. "Àrá lè ṣì ẹ́ mú."

Bánjọ tó ń jórin sún lóòótọ́. Ó gbé àpótí tó jókòó lé, ó lọ fẹ̀yìn ti ẹ́ńjìnnì Bẹ́ǹsì kan tó ti gbó sínú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Òjò ló lé wa jọ sábẹ́ páànù Ọ̀gá Ọláìyá, tó ń ta ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì ní Owódé Onírin níbí. Kò sẹ́ni tó lè gé irin, kò sẹ́ni tó lè tà á. Ẹ̀kán òjò ọ̀hún kọ̀ọ̀kan tó garawa. Mo rí ẹja kan tó ń wẹ̀ gun òpó iná.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀," Bánjọ ní.

Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Ṣàràfá Àsọdùn, mi ò bá yín jà. Èmi tí mo ru ẹ́ńjìnnì tírélà láti ibí dé Kétu, tí mo dúró mu mínírà lójú ọ̀nà láì sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ni irú yín fẹ́ bá mi fà? Ṣùgbọ́n mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ṣeré. Bàálù tí àwọn agbésùnmọ̀mí já gbà yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò. Ẹ ò tí ì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó wà níbẹ̀.

"Ṣé ìwọ náà wà nínú bàálù ni?" Bánjọ tún bi mí.

Ilé ni mo wà. Pálọ̀ Aunty Ràhmát ni, ní Ìkòsì. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n gbà, èmi ń sùn ní pálọ̀. Aunty Ràhmát, ọmọ ìyá mi ni, ilé kan náà la ti wá ní Ìsẹ́yìn. Ata gbígbẹ ló ń tà ní Mile 12. Kì í ṣe ata kóńgò méjì mẹ́ta o, ata àpò-àpò. Tó bá tú àpò kan sílẹ̀ báyìí, àwọn tó wà ní Sangisa á bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Kàmọ́rù lọkọ ẹ̀, tí gbogbo yín ń pè ní Daddy Aliyah, tó ń ṣiṣẹ́ ní ẹ́pọ́ọ̀tù, nídìí ẹ̀rọ tí báàgì máa ń gbà kọjá kó tó wọ bàálù.

"Èèyàn dáadáa ni," Ọ̀gá Ọláìyá ní.

Mo mọ̀ pé ẹ máa sọ bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ wọ bàálù nínú yín rí tí ò kọ́kọ́ pè é? "Daddy Aliyah, mò ń bọ̀ lọ́la o, fìlà aláwọ̀ ewé ni mo máa dé." Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ohun tó wà lọ́wọ́ yín á bọ́ sọ́wọ́ tiẹ̀. Báàgì yín á gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, kò ní gba inú ẹ̀. Ẹ̀bùrú ni wọ́n ń pè é láàárín ara wọn. Ẹni tó gbé ẹja dídì á gba ẹ̀bùrú. Ẹni tó gbé epo pupa á gba ẹ̀bùrú. Ìyá kan wà ní ilé wa tó gbé àgùntàn lọ fún àbúrò ẹ̀ ní Yólà, àgùntàn yẹn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wíńdò.

"Ṣàràfá!"

Ó dáa, ẹran dídín ni. Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀bùrú. Kàmọ́rù kì í sì í dá a jẹ. Ọ̀gá wọn kan wà, Oyèṣọlá ni wọ́n ń pè é, inú ọ́fíìsì tó tutù ló máa ń jókòó sí. Tí Oyèṣọlá bá fẹ́ kí báàgì kan kọjá, kò ní jáde wá. Fóònù ló máa fi pe Kàmọ́rù: "Èèyàn wa ni o." Ó parí.

Ojú ọ̀nà ni Aunty Ràhmát máa ń gbà lọ ra ata ní Kánò tẹ́lẹ̀. Á jókòó sínú tírélà, á sùn lọ́nà, á jí sọ́jà. Ìgbà tí àwọn ajínigbé wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn lójú ọ̀nà, Kàmọ́rù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní, "Mummy Aliyah, mi ò lè fi ẹ́ tọrẹ fún àwọn ará igbó. Bàálù lo máa wọ̀." Àánú ìyàwó ẹ̀ ló ṣe é. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi.

Ìdájí lèmi àti Aunty Ràhmát kúrò nílé. Kàmọ́rù ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti alẹ́. Èmi ni mo ru báàgì. Aunty mi ò wọ bàálù rí, àyà ń já a.

"Ṣàràfá," ó ní, "ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kéèyàn ṣí wíńdò níbẹ̀?"

"Wọ́n máa ń jẹ́ ká ṣí i. Ìgbà tí mo wọ̀ ọ́ kẹ́yìn, mo na ọwọ́ síta, mo fa ìkùukùu kan wọlé, mo fi nu ojú."

"Ìwọ tí o ò tí ì wọ ọkọ̀ ojú omi rí!" Ó gbá mi létí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ kó rẹ́rìn-ín.

A débẹ̀, Kàmọ́rù rí wa, inú ẹ̀ dùn. Ó gba báàgì ìyàwó ẹ̀, ó gbé e gba ẹ̀bùrú bíi ti olówó. Bá a ṣe dúró síbẹ̀ ni ọkùnrin kan dé. Ojú ẹ̀ mọ́, aṣọ ẹ̀ náà mọ́, ó wọ awò ojú, bàtà ẹ̀ ń dán débi pé mo rí eyín mi nínú ẹ̀. Ó gbé báàgì ńlá kan dání. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ni fóònù Kàmọ́rù ti dún. Oyèṣọlá ni. Ẹ mọ̀ pé etí fóònù Kàmọ́rù ti bàjẹ́, àfi kó fi sí sípíkà kó tó gbọ́ nǹkan. Gbogbo wa la gbọ́ ọ: "Aláwò ojú yẹn, èèyàn wa ni o."

Imú ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ mọ̀. "Ata nìyí o! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo lẹ ń gbé ata lọ?"

"Kánò ni, mà."

"Kánò kẹ̀? Láti Èkó?" Aunty mi di ìbàdí mú. "Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kó o wá fún wa! Èmi gan-an, ibẹ̀ ni mò ń lọ rà á."

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ìyá mi ló ní kí n gbé e wá. Wọ́n ní ata Èkó ló ń ta dáadáa lẹ́nu àwọn."

"Ata Èkó wo? Ó wà lóko ta ni?"

Mo ní lọ́dún tó ń bọ̀ ó máa gbé màlúù lọ fún àwọn Fúlàní. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Kàmọ́rù fa síìpù báàgì yẹn díẹ̀, ata lù ú nímú, ó sín, ó fà á padà. Ọkùnrin tó ń sùn ti àpò ata lójoojúmọ́ o! Ọkùnrin tó jẹ́ pé ata ló ń san owó ilé ìwé ọmọ ẹ̀!

"Daddy Aliyah," ẹ̀gbọ́n mi ní, kò rẹ́rìn-ín mọ́, "kò sẹ́ni tó ń gbé ata lọ sí Kánò."

"Fi wọ́n sílẹ̀. Èèyàn Ọ̀gá ni. Kò kàn wá."

Báàgì yẹn gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e wọlé.

"Hẹn," Ọ̀gá Ọláìyá ní. Òjò ń rọ̀.

Ọ̀sán ni. Kàmọ́rù ti padà délé, ó ti sùn. Aliyah ti dé láti ilé ìwé, ó ń jẹ ìrẹsì lórí ẹní. Ìyá Dárasími, tó wà ní yàrá kejì sí wa, ló fi igbe bọnu: "Ẹ tan tẹlifíṣọ̀n! Bàálù Kánò!" Wọ́n ní àwọn agbésùnmọ̀mí ti já a gbà lójú ọ̀run, wọ́n ti mú kí awakọ̀ ẹ̀ balẹ̀ sí pápá bàálù kan tí wọ́n ti pa tì nínú aginjù, lókè Ọya lọ́hùn-ún. Wọ́n ní kí ìjọba tú àwọn èèyàn àwọn sílẹ̀ lẹ́wọ̀n, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn tó wà níbẹ̀. Èrò tó wọ àgbàlá wa lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pọ̀ débi pé ògiri fẹ̀. Kàmọ́rù jáde nínú yàrá pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn èrò, ó ku èmi, òun àti Aliyah.

Fóònù dún. Ó fi sí sípíkà.

"Daddy Aliyah, má pariwo. Mo fi hijáàbù bo fóònù."

Ohùn ẹ̀ kéré, bíi ti ẹni tó ń kírun. Kàmọ́rù kúnlẹ̀ ti fóònù yẹn.

"Ata yẹn ni," ó ní. "Inú ata yẹn ni wọ́n ti yọ ìbọn. Gbogbo bàálù ń sín. Daddy Aliyah, ṣé ò ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́."

"Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí. Wọ́n ti so nǹkan mọ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn níbí. Ó ní wáyà. Wọ́n ní ẹni tó bá ti fara kàn án, gbogbo wa la máa lọ. Sọ fún àwọn sójà. Kí wọ́n má gba ẹ̀yìn. Kò sí nǹkan lẹ́nu ilẹ̀kùn iwájú, mo wò ó. Iwájú ni kí wọ́n gbà. Sọ bí mo ṣe sọ."

"Iwájú."

"Kí wọ́n má gba ẹ̀yìn o. Aliyah ńkọ́? Ṣé ó ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Mummy," Aliyah ní.

"Ó dáa. Má jẹ́ kí..."

Ibẹ̀ ló já sí.

Ẹ̀yin ará, mo ti gbé irin tó wúwo ju Kétu lọ. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé ìpè yẹn, mi ò lè gbé e. Mo ní, "Daddy Aliyah, ẹ pe ìjọba." Ó ń tẹ fóònù. Mo rò pé ìjọba ló ń pè. Oyèṣọlá ló pè.

Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ata, ìbọn, wáyà, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Oyèṣọlá ní, "Ta ló jẹ́ kí báàgì yẹn kọjá?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Ẹ pè mí."

"Èmi? Ta ni mo mọ̀ tó ń jẹ́ aláwò ojú? Ìwọ lo dúró ti ẹ̀rọ, Kàmọ́rù. Ojú ẹ ló kọjá. Tí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lẹ́nu ẹ, ẹ̀wọ̀n lo máa gbó sí."

"Ìyàwó mi wà níbẹ̀, sà."

Ohùn Oyèṣọlá wá rọ̀, bíi òróró. "Mo mọ̀. Mo mọ̀, àbúrò mi. Fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní èèyàn láàárín àwọn sójà yẹn. Màá fọgbọ́n sọ ọ́ fún wọn, orúkọ kankan ò ní wọ̀ ọ́. Ìwọ ṣáà pa ẹnu ẹ mọ́."

Kàmọ́rù mí kanlẹ̀. "Ọ̀gá máa sọ ọ́," ó ní fún mi. "O gbọ́ ọ."

Àwa náà dúró. Nígbà tó yá ni wọ́n gbé ọ̀gá ìjọba kan sórí tẹlifíṣọ̀n. Ìyá Dárasími ló ń túmọ̀ ẹ̀ fún wa láti ojú wíńdò. Ó ní ọ̀gá náà ní kí ará ìlú fọkàn balẹ̀, ẹ̀rọ tó wà l'Ékòó kì í purọ́, kò sí ìbọn gidi kankan tó kọjá nínú ẹ̀, ìbọn ìṣeré ọmọdé ló wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀daràn yẹn. Ó ní àwọn sójà ti yí bàálù ká.

Mo ní, "Daddy Aliyah, Oyèṣọlá ò sọ nǹkan kan."

"Ó máa sọ ọ́."

"Ìgbà wo?"

Ó pè é. Kò gbé e. Ó tún un pè. Wọ́n ti pa fóònù. Kàmọ́rù dìde, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀ látòkè délẹ̀, ó de bẹ́líìtì. Mo ní ọpẹ́ ni, ó ti ń lọ. Ó padà jókòó sórí àga.

"Ẹ fún mi ní fóònù yẹn."

Ó fi sápò. "Ṣàràfá, jókòó. Tí wọ́n bá gbé mi lọ, tí Mummy Aliyah bá padà dé, ta ló máa bá nílé?"

Mo fò jáde. Mo sáré débi pé àwọn ọlọ́kadà ń yà fún mi. Mi ò ní dárúkọ tésàn ọlọ́pàá tí mo lọ. Ságẹ́ńtì Àyàndélé ló wà nídìí káńtà, ẹ̀pà sísè wà níwájú ẹ̀, bàálù yẹn náà ló ń wò nínú tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè orí ẹ̀. Ó mọ̀ mí. Ta ni ò mọ̀ mí?

"Ẹ̀gbọ́n mi pè wá láti inú bàálù, sà."

"Ẹ̀gbọ́n ta ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, sà. Ó ní bọ́ǹbù wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn."

Ó sọ ẹ̀pà kan sẹ́nu. "Ṣé ìwọ kọ́ lo sọ fún wa níbí lọ́jọ́sí pé ìwọ lo kọ́ gómìnà ní mọ́tò wíwà?"

Àwọn ọlọ́pàá tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Bi í bóyá ó fi ọwọ́ di bàálù yẹn mú kó má já."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí sìmẹ́ńtì. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Mi ò fi nǹkan kan kún un, mi ò gbé ohùn sókè. Mo sọ ata, mo sọ aláwò ojú, mo sọ wáyà. Mo ní kí wọ́n ṣáà bá mi sọ fún àwọn sójà pé iwájú ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n wá tì mí mọ́lé tó bá jẹ́ irọ́. Ságẹ́ńtì ò jẹ ẹ̀pà mọ́. Mo rí i lójú ẹ̀ pé ó ti ń wọ̀ ọ́ lára.

"Ọkọ ẹ̀ dà?" ó ní. "Ọkọ ẹ̀ tí wọ́n pè. Tí ọkọ ẹ̀ bá lè dúró síwájú mi kó sọ ohun tí o sọ yìí, màá gbé fóònù báyìí, màá pe ọ̀gá mi, òun náà á pe àwọn tó wà lókè."

Mo ní ó wà nílé, mo fẹ́ sáré lọ pè é. Mi ò tí ì yíjú tí ó wọlé. Ó ti tẹ̀ lé mi. Ó wà nínú yúnífọ́ọ̀mù ẹ̀, fìlà ẹ̀ wà lọ́wọ́. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé pé mo ṣì wà nílẹ̀.

"Ọ̀gá Ẹ́pọ́ọ̀tù," Ságẹ́ńtì ní, "ọmọ yìí ní ìyàwó yín pè yín láti inú bàálù. Ṣé òótọ́ ni?"

Kàmọ́rù wò mí. Mò ń wo ẹnu ẹ̀. Mò ń bá a sọ ọ́ nínú ọkàn mi: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni.

"Àbúrò ìyàwó mi ni," ó ní. "Ẹ má bínú sí i. Jìnnìjìnnì ló bò ó. Ẹ̀yin náà ẹ bi gbogbo Kétu, irọ́ ló máa ń pa."

Mo ní, "Daddy Aliyah!"

"Kò sẹ́ni tó pè wá, sà. Ìyàwó mi ò gbé fóònù dání."

Ó na ọwọ́ kọjá lórí káńtà, ó bọ Ságẹ́ńtì lọ́wọ́. Ẹ mọ irú ìbọwọ́ yẹn. Ságẹ́ńtì fi ọwọ́ sápò, ó fi ojú kejì wò mí, ó ní, "Kí Ọlọ́run kó ìyàwó yín yọ, Ọ̀gá. Ẹ mú ọmọ yín lọ."

Lójú ọ̀nà, mo gbá a lọ́rùn aṣọ mú. Bọ́tìnnì méjì já. Òun tó kéré sí mi tó bẹ́ẹ̀, kò jà. "Ọ̀gá ti sọ ọ́ fún wọn," ó ń wí. "Ṣàràfá, Ọ̀gá ti sọ ọ́ fún wọn, mo mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìkà." Ẹkún ń bọ́ lójú ẹ̀. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

Ìgbà tá a dé àgbàlá, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Gbogbo èrò dúró sẹ́nu wíńdò Ìyá Dárasími, wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n. Bàálù yẹn ò ju àtàǹpàkò lọ nínú ẹ̀. Ibi jíjìn ni wọ́n ti ń yà á. A rí àwọn sójà tí wọ́n ń sáré, wọ́n dà bí èèrà. Ẹnì kan nínú èrò ní, "Wọ́n ti ń lọ!" Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀yìn ni wọ́n gbà.

Iná yẹn ò ní ohùn nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó kàn tàn yòò ni. Ìyá Dárasími fi ọwọ́ bo ojú Aliyah, ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti rí i. Àwọn tó wà níwájú jáde, ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò, wọ́n rìn jáde pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn ò jáde. Àwọn sójà tó kọ́kọ́ débẹ̀ náà ò padà.

Àpótí ni wọ́n fi gbé e wá fún wa. Wọn ò jẹ́ ká ṣí i.

Ọ̀gá Ọláìyá bọ́ fìlà. "Ọlọ́run á tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere."

Ẹ ṣé. Oyèṣọlá wá níjọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó gbé jíìpù wá, kò rí ibi pààkì, wọ́n ní kí àwọn aláta kó àpò ata kúrò lọ́nà fún un. Ó dì mọ́ Kàmọ́rù lójú gbogbo èèyàn. Ó sunkún. Ààfáà ṣàdúrà fún un, ó ní irú ọ̀gá báyìí ṣọ̀wọ́n. Ó pe Aliyah, ó gbé e lé itan, ó ní kí ló fẹ́ kí òun rà fún un.

Ọmọ yẹn ní, "Mummy mi ní kí wọ́n má gba ẹ̀yìn."

Oyèṣọlá wo Kàmọ́rù.

"Ẹ má dá a lóhùn, sà," Kàmọ́rù ní. "Ìwà Ṣàràfá ló ń kọ́. Kò mọ òótọ́ sọ."

Ọmọ ọdún méje. Ó sọ̀kalẹ̀ lórí itan, ó wọ yàrá lọ. Láti ìjọ́ yẹn, tó bá ní orí ń fọ́ òun, wọ́n á ní irọ́ ni. Tó bá ní òun ò mú ẹran nínú ìkòkò, wọ́n á ní ẹ̀gbọ́n Ṣàràfá ló bí i. Tíṣà ẹ̀ náà ti gbọ́. Kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó máa ń wò mí bí ẹni pé èmi àti òun la jọ jí nǹkan.

Mo dákẹ́. Òjò náà ti fẹ́ dákẹ́, omi ló kù tó ń kán létí páànù. Mò ń retí kí Bánjọ ní mo ti bù mọ́ ọn. Bánjọ ń fi èékánná ha irin tó dógùn-ún, kò wò mí.

Ọ̀gá Ọláìyá ló kọ́kọ́ fọhùn. "Kàmọ́rù wá ńkọ́? Wọn ò lé e?"

"Ta ló máa lé e? Ìjọba ní kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ìbọn gbà wọlé. Wọ́n ní àwọn máa ra ẹ̀rọ tuntun."

"Wọ́n ti rà á?"

"Wọn ò tí ì rà á."

"Ibi tó ń dúró sí tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń dúró sí?"

"Ibẹ̀ náà ni."

Ó mi orí, ó pòṣé, àánú ẹ̀gbọ́n mi ṣe é lóòótọ́, mo rí i. Ó wá ní, "Àna mi kan ń wọ bàálù lọ sí Àbújá lọ́jọ́ Jímọ̀. Ó fẹ́ gbé jẹnẹrétọ̀ kékeré kan dání, epo ṣì wà nínú ẹ̀. Nọ́mbà tí Kàmọ́rù ń lò tẹ́lẹ̀, ṣé òun ló ṣì ń lò?"

Mo rò pé àpárá ló ń dá. Mo wo gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò gbọ́ ohun tí mo sọ ni?"

"Mo gbọ́. Jẹnẹrétọ̀ ni, Ṣàràfá. Kì í ṣe ìbọn. O mọ̀ mí, o mọ àwọn èèyàn mi."

"Ata ni tiyẹn náà!"

"Má pariwo mọ́ mi nínú ṣọ́ọ̀bù mi." Ó dé fìlà padà. "Òjò ti dá. Máa lọ sílé."

"Máa lọ sílé, Ṣàràfá," Bánjọ náà ní, ó ń bá irin sọ̀rọ̀.

Ẹnì kan lẹ́yìn ní, "Ó ti tó, jàre, máa lọ." Wọ́n yà fún mi lọ́nà, wọ́n ká ẹsẹ̀ kò kí n lè kọjá. Mi ò tí ì jáde lábẹ́ páànù tí mo gbọ́ ohùn Ọ̀gá Ọláìyá lẹ́yìn mi, ó tutù, ó dùn, bí ohùn ẹni tó ń bá ará ilé ẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Daddy Aliyah! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọjọ́ Jímọ̀ yìí, ṣé ẹ̀yin lẹ máa wà níbẹ̀?"